Àwọn Àdúgbò Aláṣọ Létí Odò Manchester

"Ènìyàn laṣọ mi" ni àwọn baba wa máa ń wí. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé ará, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ ni ó ń bo ìhòòhò ẹni lọ́jọ́ ìṣòro. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ́ òtítọ́, èyí tí àwa tí a ń rà á, tí a ń tà á, tí a sì ń wọ̀ ọ́ kì í sábà rò. Kò sí aṣọ kan tí ènìyàn kò sí nínú rẹ̀. Ẹnì kan gbin òwú, ẹnì kan ran án, ẹnì kan hun ún, ẹnì kan gbé e sọdá òkun. Nígbà tí a bá na aṣọ lọ́jà, àwọ̀ rẹ̀ ni a ń wò, a ó fi ọwọ́ pa á bóyá ó nípọn, a ó sì dúnàá-dúrà. A kì í béèrè pé ọwọ́ ta ni ó ti kọjá kí ó tó dé ọwọ́ wa. Ọ̀rọ̀ àwọn ọwọ́ wọ̀nyí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo sì ń ṣe. Aláàdìrẹ ni ìyá mi ní Ìtòkú, aláàdìrẹ ni ìyá tí ó bí i. Ọ̀pọ̀ nínú aṣọ funfun tí àwọn ìyá wa ayé ọjọ́un ń ya ọnà sí, tí wọ́n sì ń rẹ sínú aró, láti Manchester ni ó ti ń wá. Bàbá mi ní tirẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní ẹ̀bá Èkó ni ó jẹ́ fún ọdún 19. A lè sọ pé inú aṣọ ni a bí mi sí, aṣọ ni a sì fi san owó ilé ìwé mi títí mo fi jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni.

Ní ìgbà ìsinmi gígùn ọdún 2022, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Manchester ní kí n wá lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ́dọ̀ òun. Bí Àǹtí mi bá ti lọ sí ibi iṣẹ́, èmi a gbé bàtà mi wọ̀, n óò máa fi ẹsẹ̀ rin àwọn àdúgbò ẹ̀bá odò kiri. Bí òjò bá lé mi, èyí tí kì í pẹ́ ṣẹlẹ̀ ní ìlú náà, n óò yà sí ilé ìkàwé láti ka ìwé nípa ohun tí mo rí.

ODÒ MẸ́TA

Odò mẹ́ta ni ó pàdé ní àárín ìlú Manchester. Irwell ni àgbà wọn, òun sì ni ààlà láàárín Manchester àti ìlú Salford tí ó dojú kọ ọ́. Àwọn méjì yòókù, Irk àti Medlock, inú Irwell ni wọ́n ń ṣàn sí. Ẹni tí ó bá mọ odò Ògùn wa ní ìgbà òjò, bí ó bá rí Medlock, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé gọ́tà ńlá ni. Ibòmíràn wà tí wọ́n ti kọ́lé bò ó mọ́lẹ̀, tí ẹni tí ń kọjá lójú pópó kò ní mọ̀ pé omi ń lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ òun. Síbẹ̀, àwọn odò wọ̀nyí ni ó pe ilé iṣẹ́ aṣọ wá sí ìlú náà.

Kí ni omi ń ṣe fún aṣọ? Èkíní, omi ni ó kọ́kọ́ ń yí kẹ̀kẹ́ ńlá tí ó ń yí ẹ̀rọ ìranwú. Nígbà tí Richard Arkwright kọ́ ilé ìranwú sí Shudehill ní nǹkan bí 1782, tí omi ibẹ̀ kò sì tó, ẹ̀rọ oníná ni ó fi ń fa omi padà sókè kí ó lè tún ṣàn lu kẹ̀kẹ́ náà. Èkejì, nígbà tí ẹ̀rọ oníná gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ omi, òùngbẹ omi ni ó ń gbẹ òun náà, nítorí ooru omi gbígbóná ni ó ń tì í ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta, àwọn tí ń fọ aṣọ di funfun, àwọn tí ń pa á láró àti àwọn tí ń tẹ ọnà sí i, ta ni nínú wọn tí ó lè ṣe iṣẹ́ láìsí omi? Aláàdìrẹ kò nílò àlàyé lórí èyí. Ẹ̀kẹrin, orí omi ni ẹrù ń gbà. Ní 1761, wọ́n ṣí odò àfọwọ́gbẹ́ kan tí à ń pè ní Bridgewater, tí ó ń gbé èédú inú ilẹ̀ láti Worsley wá, owó èédú ní Manchester sì já sí ìdajì. Nígbà tí ó di 1804, òmíràn tí à ń pè ní odò Rochdale ti la àárín ìlú já. Ibi tí èédú àti òwú bá ti lè fi ọkọ̀ omi dé, níbẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ń hù sí bí olú.

Ojú ọjọ́ pẹ̀lú ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ibi tí atẹ́gùn bá ti lọ́rinrin, okùn òwú kì í yára já lẹ́nu ẹ̀rọ. Òjò tí ó ń lé mi wọ ilé ìkàwé, òun kan náà ni ó sọ àwọn ará ibẹ̀ di ọlọ́rọ̀.

ANCOATS

Nínú gbogbo àwọn àdúgbò náà, Ancoats ni mo lọ jù. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni àwọn ahéré tí ó dá wà. Oko ni ibẹ̀ jẹ́ títí di nǹkan bí 1775 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la òpópónà sí i. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Scotland méjì, Adam Murray àti arákùnrin rẹ̀ George, dé. Ní 1798 wọ́n kọ́ ilé ìranwú kan síbẹ̀, wọ́n fi òmíràn kún un, àti òmíràn, títí di 1806 tí àwọn ilé náà fi yí àgbàlá kan ká. Ní àárín àgbàlá ọ̀hún ni wọ́n gbẹ́ adágún sí, wọ́n sì gbẹ́ ihò abẹ́ ilẹ̀ láti inú rẹ̀ lọ sí odò Rochdale. Báyìí ni ọkọ̀ ẹrù ṣe ń wọ inú ilé iṣẹ́ gan-an láti já òwú àti èédú, kí ó tó gbé okùn tí a ti ran jáde. Ní ẹ̀gbẹ́ wọn ni McConnel àti Kennedy wà, àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé alájà mẹ́jọ kan ní 1818. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ní ọdún náà, Abẹ́òkúta kò tí ì sí. Ó di nǹkan bí 1830 kí àwọn Ẹ̀gbá tó fìdí kalẹ̀ sábẹ́ Olúmọ.

Ní 1853, ilé iṣẹ́ òwú 108 ni ó wà ní Manchester. Níbo ni àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú wọn ń sùn? Ẹ̀bá ibẹ̀ náà ni. Àwọn onílé kọ́ ilé tí ẹ̀yìn ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn èkejì, tí kò fi sí fèrèsé lẹ́yìn, tí afẹ́fẹ́ kò sì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀rọ omi kan àti ilé ìgbẹ́ kan ni ọ̀pọ̀ ìdílé jọ ń lò. Àwọn tí kò lówó yàrá, inú àjà ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé, níbi tí omi ń sun láti ara ògiri.

Àwọn tí kò ní aago a máa san owó kékeré fún ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa rìn kiri ní ìdájí, kí ó máa fi ọ̀pá gígùn kan fèrèsé wọn kí wọ́n lè jí. Lẹ́yìn èyí ni ìró bàtà onípákó yóò gba ojú pópó olókùúta kan, tí ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé ń lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin tí ń hun aṣọ fi kọ́ láti máa wo ètè ara wọn sọ̀rọ̀. Wọn a máa ṣòfófó, wọn a máa bá ara wọn kẹ́dùn, wọn a máa gba ara wọn nímọ̀ràn, láìsí ohùn kankan tí ẹlòmíràn lè gbọ́.

ÀWỌN ỌMỌ ABẸ́ Ẹ̀RỌ

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ẹ̀rọ ìranwú a máa lọ síwájú, a sì máa padà sẹ́yìn lórí ilẹ̀. Bí ó bá ti ń lọ bí ó ti ń bọ̀, ìdọ̀tí òwú a máa kó jọ sí abẹ́ rẹ̀. Ta ni ó kéré tó láti rá wọ abẹ́ rẹ̀ láti gbá a, láìdá ẹ̀rọ dúró? Ọmọdé ni. Àwọn ọmọ mìíràn ni wọ́n ń so okùn tí ó bá já, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń sáré kiri láàárín ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bí oorun bá kun ọmọ, tí ó sì ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ìka ọwọ́ tàbí apá ni yóò fi san án.

Ní 1833 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé kí wọ́n má ṣe gba ọmọ tí kò tó ọdún 9 sínú irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, pé àwọn tí kò tí ì tó ọdún 13 kò gbọdọ̀ ṣe ju wákàtí 48 lọ lọ́sẹ̀, àti pé wọ́n gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwé fún wákàtí méjì lóòjọ́. Olùbẹ̀wò mẹ́rin péré ni wọ́n yàn fún gbogbo ilẹ̀ náà. Àwọn olówó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé ọmọ lọ sí ilé ìwé. Ẹ gbọ́ o: àwọn olùbẹ̀wò rí ìwé ẹ̀rí tí olùkọ́ fi àmì àgbélébùú tọwọ́ bọ̀, nítorí pé olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ kò mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ. Ó di òfin 1844 kí wọ́n tó pàṣẹ pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀. Àṣà pé kí ọmọ lo ìdajì ọjọ́ ní ilé iṣẹ́, kí ó sì lo ìdajì ní ilé ìwé kò parí títí tí òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1918 fi gbà á kúrò. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí àwọn ọmọ kíláàsì mi tí ń kiri ọjà kí agogo tó lù, tí wọ́n sì ń sùn lórí tábìlì bí ó bá di ọ̀sán. Ilẹ̀ tí ó lọ́lá jù lọ láyé ìgbà náà lo ọdún 85 láti 1833 kí ó tó gbà pé ọmọdé kò lè sin ọ̀gá méjì.

ỌMỌ IRELAND, PÁPÁ ÁŃGẸ́LÌ

Mo lọ sí bèbè Medlock, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Oxford Road. Níbẹ̀, ní ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà, ni àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Ireland Kékeré, nítorí àwọn tálákà tí ó ti Ireland wá ṣiṣẹ́. Friedrich Engels, ọmọ Jámánì tí bàbá rẹ̀ ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ òwú, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti 1845 pé nǹkan bí 200 ilé kékeré ni ó wà níbẹ̀, àti pé nǹkan bí 4,000 ènìyàn ni ó ń gbé inú wọn. Ẹ fi ọwọ́ ara yín pín in: 20 ènìyàn nínú ilé kékeré kan. Ilé iṣẹ́ yí wọn ká, odò tí ilé iṣẹ́ ń da ìdọ̀tí sí ń rùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ní 1832, nígbà tí àrùn onígbáméjì wọ Manchester, dókítà kan tí ń jẹ́ James Kay ti kọ ìwé nípa irú ibùgbé báwọ̀nyí, tí ó ń fi hàn pé ẹgbin àti ìṣẹ́ ni ó ń fún àrùn náà láàyè.

Ní apá kejì ìlú, lẹ́bàá odò Irk, ni àdúgbò kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Angel Meadow, èyíinì ni Pápá Áńgẹ́lì. Orúkọ dára, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ bani lẹ́rù. Láti 1787 sí 1816, nǹkan bí 40,000 ènìyàn ni wọ́n sin síbẹ̀, tálákà ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Ní 1855 ni wọ́n fi òkúta pẹlẹbẹ tẹ́ orí ibojì náà. Lónìí, ibi ìgbafẹ́ ni. Mo jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù, ajá ń sáré, n kò sì rí orúkọ ẹnì kan nínú ẹgbàágbèje náà.

Ní 1842, Edwin Chadwick gbé ìṣirò kan jáde tí ó ya gbogbo ilẹ̀ náà lẹ́nu. Bí a bá ro ọjọ́ orí gbogbo òkú pọ̀ tí a sì pín in dọ́gba, ọdún 17 ni ó kan òṣìṣẹ́ Manchester àti ẹbí rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ 38 fún irú wọn ní Rutland tí ó jẹ́ ilẹ̀ àgbẹ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé kò sí àgbàlagbà ní Manchester o. Ọmọ ọwọ́ tí ń kú lọ bẹẹrẹ ni ó fa ìṣirò náà wálẹ̀.

ÒWÚ ABẸ́ÒKÚTA

Ẹ lè máa béèrè pé kí ni ó kan Ẹ̀gbá nínú Ancoats. Ó kàn wá gidigidi. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú òwú tí àwọn ẹ̀rọ náà ń jẹ, ọwọ́ ẹrú ni a fi gbìn ín ní gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn tí a kó àwọn baba ńlá wọn láti etí òkun wa yìí. Ní nǹkan bí 1850, oníṣòwò Manchester kan, Thomas Clegg, àti Henry Venn tí ó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S., gbìmọ̀ pọ̀ pé bí Áfíríkà bá gbin òwú tà fúnra rẹ̀, òwò ẹrú yóò rọ. Clegg fi ẹ̀rọ tí ń ya hóró kúrò lára òwú ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. Ó gba àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wa sí Manchester láti kọ́ iṣẹ́. Henry Robbin, tí ó padà wá bójú tó òwò òwú ní Abẹ́òkúta, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Robert Campbell, olùkọ́ bíi tiwa, ọmọ Jàmáíkà, gba Manchester kọjá kí ó tó dé Abẹ́òkúta ní 1859. Òun ni ó dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ ní Èkó ní 1863. Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, èyí tí gbogbo ìwé ìròyìn èdè Yorùbá ń pè ní baba, ọ̀rọ̀ òwò òwú wà lára ohun tí ó ń gbé jáde.

Ní 1861 ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, òwú kò sì lè jáde mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ dákẹ́ ní Manchester àti ìgbèríko rẹ̀, ebi sì wọlé. Ìyàn òwú ni wọ́n ń pe àsìkò náà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1862, àwọn òṣìṣẹ́ péjọ ní gbọ̀ngàn Free Trade Hall, wọ́n sì kọ̀wé sí Ààrẹ Abraham Lincoln pé àwọn wà lẹ́yìn rẹ̀ kí a lè tú ẹrú sílẹ̀. Lincoln dá wọn lóhùn ní oṣù Kìíní 1863. Ère rẹ̀ wà ní àárín ìlú Manchester títí di òní, a sì gbẹ́ díẹ̀ nínú lẹ́tà náà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ́. Ẹni tí ebi ń pa, tí ó tún lè ro ti ẹrú tí kò mọ̀ rí, ènìyàn ni olúwarẹ̀.

Owó òwú wa gòkè nígbà náà, ṣùgbọ́n ogun Ìjàyè ń lọ lọ́wọ́ láàárín àwa fúnra wa, ọ̀nà kò sì dán. Nígbà tí ogun Amẹ́ríkà parí ní 1865, iye owó já wálẹ̀. A ń ta òwú sí Manchester, a sì ń ra aṣọ padà lọ́dọ̀ rẹ̀; ẹ̀yin oníṣòwò mọ ẹni tí èrè irú òwò bẹ́ẹ̀ ń bọ́ sí lọ́wọ́.

Ohun kan tún wà tí inú mi dùn sí. Ní oṣù Kẹwàá 1945, gbọ̀ngàn ìlú Chorlton-on-Medlock, àdúgbò aláṣọ mìíràn létí odò náà, ni Kwame Nkrumah, Jomo Kenyatta, Jaja Wachuku àti àwọn ẹlòmíràn ti péjọ sí ìpàdé àwọn ọmọ Áfíríkà, tí wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé àwọn ń fẹ́ òmìnira. Iwájú ilé náà ṣì wà ní ìdúró. Ilẹ̀ tí òwú ẹrú kọ́, orí rẹ̀ ni a ti sọ̀rọ̀ òmìnira.

ỌJỌ́ TÍ Ẹ̀RỌ DÁKẸ́

Ní 1912, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì hun aṣọ òwú tí ó tó 8 bílíọ̀nù yáàdì. Láti ìgbà náà ni òkè ti di ìsàlẹ̀. Ogun 1914 dé, Íńdíà àti Japan bẹ̀rẹ̀ sí í hun tiwọn, ẹ̀rọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ti gbó. Ní 1959, ìjọba wọn ṣe òfin láti san owó fún ẹni tí ó bá fọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ àtijọ́. Láàárín 1960 sí 1980, fẹ́rẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kan ni ó ń tì ní gbogbo agbègbè Lancashire. Ilé ńlá tí àwọn oníṣòwò òwú ti ń pàdé, Royal Exchange, parí òwò ní 1968. Ilé eré ni báyìí, ṣùgbọ́n iye owó òwú ti ọjọ́ ìkẹyìn ṣì wà lára pátákó lókè, bí ọjà tí a pa tì tí a kò palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ fojú inú wo iye owó tí ẹ kọ kẹ́yìn kí ó dúró bẹ́ẹ̀ títí ayé.

Ibí ni mo ti gbọ́dọ̀ sọ ti bàbá mi. Ilé iṣẹ́ aṣọ tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ti ilẹ̀kùn nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 12. Iná mànàmáná kò dúró, epo ẹ̀rọ wọ́n, aṣọ ilẹ̀ òkèèrè kún ọjà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n bá ìwé lẹ́nu géètì. Wọn kò san owó tí wọ́n jẹ wọ́n tán títí di òní. Bàbá padà sí Abẹ́òkúta, ó ń bá ìyá mi po aró. Nígbà tí mo ń lọ sí Manchester, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó fi rán mi: "Nígbà tí tiwọn náà tì, kí ni wọ́n fi àwọn òṣìṣẹ́ ṣe?"

Ìdáhùn tí mo rí rèé. Ní nǹkan bí 1960 sí 1970, wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé àwọn òṣìṣẹ́ ní Ancoats àti àyíká rẹ̀, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lọ sí àwọn àdúgbò tuntun lẹ́yìn odi ìlú. Ilé tuntun náà ní omi àti ilé ìwẹ̀, ó sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n aládùúgbò fọ́n ká. Àwọn ilé iṣẹ́ dá dúró ní òfìfo, ẹyẹlé ń gbé inú wọn. Ní 1989, wọ́n kéde pé Ancoats di ibi tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò nítorí ìtàn rẹ̀. Wọ́n tún ilé àwọn Murray ṣe, wọ́n sọ ọ́ di ibùgbé, ilé àwọn McConnel bákan náà. Ibi tí ọmọdé ti ń rá lábẹ́ ẹ̀rọ di ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí àti búrẹ́dì olówó iyebíye. Àǹtí mi tí ń tọ́jú aláìsàn ní ìlú náà sọ fún mi pé owó oṣù òun kò lè gbé owó ilé yàrá kan níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì ni ó ń wọ̀ láti ọ̀nà jíjìn wá sí ibi iṣẹ́.

Mo fi èyí jíṣẹ́ fún bàbá mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní: "Nígbà náà, bíríkì ni wọ́n tọ́jú." Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé nǹkan kan tún wà. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa àwọn ọmọ abẹ́ ẹ̀rọ, àwọn tí ń gbé inú àjà ilẹ̀, àwọn tí ebi pa nígbà ìyàn òwú, mo mọ̀ ọ́n nítorí pé ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀. Dókítà kọ, olùbẹ̀wò kọ, àlejò láti Jámánì kọ. Bí wọn kò bá kọ ọ́, bíríkì kò ní sọ ọ́.

Mo mú ìwé àti bírò, mo ní kí ó ka orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ òru fún mi. Ó di ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tọ̀ wọ́n lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni pé ó ń rìn láàárín wọn: orúkọ, ìlú ẹni, ohun tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Orúkọ 37 ni ó kà. Ní ibi mẹ́sàn-án ó dúró, ó ní, "Olóyè yẹn ti kú."

IṢẸ́ TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ WA

Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún, mo máa ń fún kíláàsì mi ní iṣẹ́ ìsinmi kan: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bá àgbàlagbà kan ní àdúgbò rẹ̀, kí ó béèrè irú iṣẹ́ tí ó ti ṣe rí, ibi tí ó ti ṣe é, àwọn tí wọ́n jọ ṣe é, àti ìdí tí iṣẹ́ náà fi parí. Ọmọ kan mú káàdì iṣẹ́ bàbá àgbà rẹ̀ wá, fọ́tò orí rẹ̀ ti ṣí. Òmíràn kọ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ tí ó ti ń fi ọwọ́ ran òwú nígbà èwe. Ìwé wọn kò dán, àmì ohùn a sì máa ṣì wọ́n kọ, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ wà nínú àpótí ní ọ́fíìsì mi, ojoojúmọ́ ni ó sì ń níye lórí sí i.

Ẹ̀yin olùkọ́, a kò gbọ́dọ̀ dúró de ìjọba kí a tó ṣe èyí. Àlejò Jámánì kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má ṣe sun àwọn ìwé ìṣirò àtijọ́ tí àwọn ìyá yín fi sílẹ̀. Ibẹ̀ ni a ó ti mọ ẹni tí ó ra aṣọ lọ́wọ́ ta ni, iye tí ó san, àti ọdún tí ọjà kú. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ń tì ní àdúgbò yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ nìkan jẹ́ ohun tí a kà.

Ilẹ̀ ń jẹ ènìyàn, ojo ń wó ilé, olówó ń ra ibi tí ó bá wù ú. Orúkọ tí a kọ sílẹ̀ ni ó ń dúró. Bí ènìyàn bá jẹ́ aṣọ wa lóòótọ́, a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé àwọn tí ó hun ún.